Ẹ̀kọ́ Kọkànlá: Isaac Fadoyebo, Olùtọ́jú Aláìsàn Lójú Ogun

Bí ẹ bá dé ọjà Mile 12 ní ìdájí, àwọn alábàárù ni ẹ ó kọ́kọ́ rí. Ọkọ̀ tòmátì ti dé láti òkè Ọya. Alábàárù a fi òṣùká sí orí, wọn a bá a gbé apẹ̀rẹ̀ rù, a sì máa yára lọ láàárín èrò. A máa ké pé, "Àgò o! Ẹ yàgò lọ́nà!" Kí ó tó dé ibi tó ń lọ, òógùn ti bò ó.

Iṣẹ́ agbára ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á béèrè nǹkan kan. Ta ni nínú wa tó lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ gun òkè, kí ó sọ̀ kalẹ̀, kí ó tún gun òmíràn? Ta ni tó lè gbé e la igbó kìjikìji kọjá fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, nígbà tí ọ̀tá ń fi ìbọn ṣọ́ ọ?

Àwọn ọmọ Nàìjíríà ti ṣe é rí. Wọ́n ṣe é ní ọdún 1944, ní ilẹ̀ Bọ́mà, tó jìnnà sí wa gan-an. Àwọn kan nínú wọn gbé ọta ìbọn. Àwọn mìíràn gbé oògùn, àti aṣọ tí a fi ń di egbò. Ìtàn ọ̀kan nínú àwọn tó ń tọ́jú egbò ni a fẹ́ kà lónìí. Orúkọ rẹ̀ ni Isaac Fadoyebo.

Kì í ṣe dókítà tó gba oyè ní yunifásítì. Nọ́ọ̀sì ojú ogun ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ bí ó ti ń rí ní abúlé. Ẹni tó bá mọ bí a ti ń fọ egbò, tó sì lè gún ènìyàn ní abẹ́rẹ́, dókítà ni gbogbo ayé ń pè é.

1. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún

Ní ọdún 1925 ni wọ́n bí Isaac Fadoyebo ní Emùré-Ilé, lẹ́bàá Ọ̀wọ̀. Ìlú náà wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó lóde òní. Ó lọ sí ilé ìwé, ó sì mọ̀wé kọ, ó mọ̀ ọ́n kà.

Ní ọdún 1939, ogun ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Yúróòpù. Ogun Àgbáyé Kejì ni. Àwọn àgbà wa a máa pè é ní ogun Hítílà. Ní ìparí ọdún 1941, Jàpáánù náà wọ inú ogun. Ní ọdún 1942, ó gba ilẹ̀ Bọ́mà lọ́wọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì.

Nígbà náà, Gẹ̀ẹ́sì ló ń ṣe àkóso Nàìjíríà. Ó ní ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí wọ́n ń pè ní Royal West African Frontier Force. Àwọn ọmọ Nàìjíríà wà níbẹ̀. Àwọn ará Gold Coast, tí à ń pè ní Ghana báyìí, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ará Sàró, èyíinì ni Sierra Leone, wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ará Gáńbíà. Nígbà tí ogun le, Gẹ̀ẹ́sì ń wá ènìyàn sí i.

Àwọn kan wà tí wọ́n fi agbára mú. Àwọn mìíràn fúnra wọn ló lọ. Isaac wà nínú àwọn tó fúnra wọn lọ. Ní oṣù January 1942, ó wọ iṣẹ́ ṣọ́jà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún péré ni. Kò gba àṣẹ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, kò gbà á lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

Kí ló dé tó fi lọ? Ará Jàpáánù kankan kò ṣẹ̀ ẹ́ rí. Òun gan-an jẹ́wọ́ nígbà tó dàgbà pé òun kò ronú jinlẹ̀ kí òun tó lọ. Ọmọdé ni. Ó ń wá ohun tuntun. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún nílé mọ ohun tí à ń sọ.

2. Iṣẹ́ tí wọ́n fún un

Wọn kò fi Isaac sí àárín àwọn tó ń yìnbọn. Wọ́n kọ́ ọ ní iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn. Ìwé tó mọ̀ wúlò fún un níbẹ̀, nítorí pé olùtọ́jú aláìsàn ní láti ka orúkọ oògùn lára ìgò. Ó ní láti mọ iye tí a ń lò. Bí ó bá ṣi oògùn fún ni, ikú lè dé.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi í sí ilé ìtọ́jú ojú ogun kan tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 29. Ẹ jẹ́ kí á wo bí irú ilé ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́.

Bí ọta bá ba ṣọ́jà kan, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á kọ́kọ́ fi aṣọ di ojú egbò náà kí ẹ̀jẹ̀ má baà dà tán. Wọ́n á gbé e sórí aṣọ tí a fi igi méjì nà, wọ́n á sì gbé e kúrò níbi tí ìjà wà. Ilé ìtọ́jú ojú ogun ni wọ́n ń gbé e bọ̀. Níbẹ̀, dókítà á yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí ìyà ń jẹ jù ni wọn á kọ́kọ́ dá lóhùn, kì í ṣe ẹni tó kọ́kọ́ dé. Wọ́n á yọ ọta, wọ́n á fọ egbò, wọ́n á fi igi de egungun tó ṣẹ́. Nígbà tí ara rẹ̀ bá rọ̀ díẹ̀, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ọsibítù ńlá tó wà lẹ́yìn.

Nítorí náà, ilé ìtọ́jú yìí kò lè jìnnà sí ojú ogun jù. Bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí ó sún mọ́ ọn jù. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn.

3. Ọ̀nà Bọ́mà

Ní ọdún 1943, ọkọ̀ ojú omi gbé Isaac àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Íńdíà. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti wọ Bọ́mà. Nǹkan bí 90,000 ọmọ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ló lọ sí apá ibẹ̀ nígbà ogun náà. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí Isaac bá lọ, nọ́ńbà rẹ̀ ni 81. Aláǹtakùn ni àmì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ apá aṣọ wọn. Ó jẹ́ ìrántí aláǹtakùn ọlọ́gbọ́n inú àlọ́ àwọn ará Ghana. Ìjàpá tiwọn ni.

Àfonífojì odò Kaladan ni wọ́n rán wọn lọ. Òkè ni, igbó ni, odò ni. Mọ́tò kò lè gba ibẹ̀. Àwọn ọmọ Áfíríkà fi ọwọ́ ara wọn la ọ̀nà tó gùn tó máìlì 75 láàárín àwọn òkè náà. Níbi tí ọ̀nà náà parí sí, orí ló kù. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun náà ní ọ̀pọ̀ ènìyàn tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n ru ẹrù lọ. Oúnjẹ àti ọta ìbọn ni ọkọ̀ òfuurufú ń jù sílẹ̀ fún wọn láti òkè. Àwọn ni wọ́n ń ṣà á, tí wọ́n sì ń rù ú tẹ̀ lé àwọn jagunjagun. Bí alábàárù Mile 12 ti ń ru apẹ̀rẹ̀ náà ni wọ́n ń ru tiwọn.

4. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì oṣù March

Ní ọjọ́ kejì oṣù March 1944, ilé ìtọ́jú nọ́ńbà 29 wà ní abúlé Nyron, létí odò Kaladan. Ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni. Lójijì, ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún láti inú igbó. Àwọn ará Jàpáánù ti yọ́ dé.

Ẹ rántí pé ilé ìtọ́jú ni. Àwọn tó wà níbẹ̀, egbò ni wọ́n mọ̀ ọ́n tọ́jú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kú lójú ẹsẹ̀. Ọta kan ba Isaac ní ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó sì fọ́ egungun itan rẹ̀ lẹ́bàá orúnkún. Òmíràn wọ inú ìhà rẹ̀. Ó ṣubú, kò lè dìde mọ́.

Nígbà tí ìbọn dákẹ́, àwọn ará Jàpáánù fi àwọn tó fara gbọgbẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n bá tiwọn lọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ tó lè sáré ti sá. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun náà fúnra rẹ̀ kò pẹ́ tó fi kúrò ní àfonífojì náà.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà bí ó ti rí. Isaac ni ẹni tó máa ń di egbò fún ẹlòmíràn. Ó mọ ohun tí egungun tó ṣẹ́ ń fẹ́. Ó mọ oògùn tó yẹ kí wọ́n fi sí i. Ìmọ̀ wà, ṣùgbọ́n oògùn kò sí, ẹsẹ̀ kò sì sí láti fi wá a. Dókítà ti di aláìsàn.

5. Àwọn tó gbà wọ́n là

Àwọn díẹ̀ tó ṣẹ́kù, tí ọgbẹ́ wà lára wọn, wà nínú igbó náà. Ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, wọ́n ń kú. Nígbẹ̀yìn, ó ku méjì: Isaac àti David Kagbo, sájẹ́ńtì kan láti Sàró. Ọta ti ba Kagbo náà, ṣùgbọ́n ó lè rìn. Kò sá lọ fi Isaac sílẹ̀.

Àwọn ará abúlé tó wà nítòsí rí wọn. Mùsùlùmí ni àwọn ènìyàn náà. Àwọn ni à ń pè ní Rohingya. Wọn kò gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò sì rí ènìyàn dúdú bíi tiwa rí kí ogun tó dé. Síbẹ̀, wọ́n ń yọ́ gbé oúnjẹ wá fún wọn nínú igbó.

Nígbà tó yá, ọ̀kan nínú àwọn ará abúlé náà mú àwọn méjèèjì wọ ilé rẹ̀. Shuyiman ni orúkọ rẹ̀. Àgbẹ̀ ni, ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ. Àkókò òjò ti dé. Òjò ilẹ̀ náà ju ti Èkó wa lọ ní ìlọ́po méjì. Ẹni tí itan rẹ̀ ti fọ́ kò lè gbé inú igbó ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ kí ó yè.

Àwa ará Kétu àti Mile 12 mọ̀ nípa òjò àti odò. Nígbà tí odò Ògùn bá kún, tí omi wọ ilé àwọn ará Agílítì, aládùúgbò a máa gba aládùúgbò sílé. Oore ńlá ni. Ṣùgbọ́n ti Shuyiman tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ará Jàpáánù ló ń ṣe àkóso àgbègbè náà. Bí wọ́n bá ká ọ̀tá mọ́ ilé rẹ̀, òun, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ ni wọn ì bá pa. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó sì gbà wọ́n sílé.

Isaac àti Kagbo kì í ṣe Mùsùlùmí. Kí wọ́n lè bá àwọn ará abúlé náà mu, wọ́n yí orúkọ padà. Isaac di Suleman, Kagbo di Dauda. Ìrẹsì tí ìdílé náà ń jẹ ni wọ́n ń bá wọn jẹ. Fún oṣù mẹ́sàn-án, lẹ́tà kan kò ti ọ̀dọ̀ Isaac dé Emùré-Ilé. Àwọn òbí rẹ̀ kò mọ̀ bóyá ó wà láàyè tàbí ó ti kú.

Ní oṣù December 1944, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì padà dé àgbègbè náà, wọ́n sì rí wọn. Ọjọ́ ayọ̀ ni, ọjọ́ ìpínyà sì ni. Isaac kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ tó lè fún Shuyiman. Ó kí i pé ó dàbọ̀, wọ́n sì gbé e lọ.

6. Gbèsè tí a kò mọ ibi tí a ó ti san án

Isaac padà sí Nàìjíríà. Wọ́n tọ́jú ẹsẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò padà bọ̀ sípò mọ́. Títí ó fi kú ló ń tiro. Ó ṣe iṣẹ́ ìjọba ní Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó fẹ́ ìyàwó, ó bí ọmọ. Ó di bàbá, ó di bàbá àgbà.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tí kò tán. Ẹni tó gbà á là wà ní òkèèrè. Kò sí àdírẹ́sì. Kò sí ẹni tó lè rán. Láti ọdún 1962 ni àwọn ológun ti gba ìjọba Bọ́mà, ó sì ṣòro kí àlejò tó wọ apá ibẹ̀. Ilẹ̀ náà ti ń jẹ́ Myanmar láti ọdún 1989. Bàbá Fadoyebo kò mọ̀ bóyá Shuyiman ṣì wà.

Kí ni ó wá ṣe? Ó mú kálámù. Ó kọ gbogbo ohun tí ojú rẹ̀ rí sílẹ̀, láti ọjọ́ tó wọ iṣẹ́ ṣọ́jà títí dé ọjọ́ tó padà sílé. Kò fi orúkọ Shuyiman pamọ́. Ní ọdún 1999, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà tẹ ìtàn náà jáde ní ìwé.

Ìwé náà ló ṣí ọ̀nà. Oníròyìn Gẹ̀ẹ́sì kan, Barnaby Phillips, kà á, ó sì wá Bàbá rí ní Nàìjíríà. Ní ọdún 2011, ó gbéra lọ sí Myanmar. Lẹ́tà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí Bàbá kọ sí Shuyiman àti ará ilé rẹ̀ láti dúpẹ́. Ọdún 67 ti kọjá.

Oníròyìn náà rí ìdílé náà. Shuyiman ti kú. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ wà, wọn kò sì gbàgbé. Wọ́n ti gbọ́ ìtàn àwọn ṣọ́jà dúdú méjì náà láti ẹnu bàbá wọn. Wọ́n túmọ̀ lẹ́tà náà sí èdè wọn, wọ́n kà á sí wọn létí. Nígbà tí oníròyìn náà padà dé, ó fi àwòrán ìdílé náà han Bàbá. Ọkàn Bàbá balẹ̀. Ní oṣù November 2012, Bàbá Isaac Fadoyebo kú.

7. Ẹ jẹ́ kí á rò ó

Ṣé lẹ́tà lè san gbèsè ẹ̀mí? Rárá o. Kò sí iye tó tó o. Gẹ̀ẹ́sì kò fún Shuyiman ní mẹ́dàlì, kò sì sí owó ìfẹ̀yìntì fún un. Àwọn ènìyàn rẹ̀ kò tilẹ̀ rí ìsinmi. Ní ọdún 2017, ju 700,000 Rohingya lọ ló sá kúrò ní Myanmar lọ sí Bangladesh, nítorí pé àwọn ṣọ́jà ń pa wọ́n, wọ́n sì ń sun ilé wọn. Nígbà tí a bá gbọ́ orúkọ Rohingya nínú rédíò, kí á rántí pé àwọn ènìyàn náà fi ọmọ Yorùbá kan pamọ́ sínú ilé wọn nígbà tí kò ní ẹnìkan.

Ṣùgbọ́n lẹ́tà náà ṣe nǹkan kan tí owó kì bá lè ṣe. Ó jẹ́ kí àwọn ọmọ Shuyiman mọ̀ pé òtítọ́ ni bàbá wọn sọ. Ó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọmọ ọdún méjìdínlógún tí bàbá wọn gbé wọlé yè, ó bímọ, kò sì gbàgbé. Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Bàbá Fadoyebo dúpẹ́. Ìwé tó mọ̀ ló fi dúpẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kọ báyìí, ẹ wo àyíká yín. Ó ṣeé ṣe kí àgbàlagbà kan wà nílé yín tó ní ìtàn tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ sílẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀yin náà ní ẹni kan tí ẹ kò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má dúró di ọdún 67. Ẹ mú kálámù.

Ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀

Òṣùká: aṣọ tàbí ewé tí a ká, tí a fi sí orí kí ẹrù má baà dun orí.
Àfonífojì: ilẹ̀ tó rẹlẹ̀ láàárín òkè méjì.
Sájẹ́ńtì: ṣọ́jà tó jẹ́ olórí fún àwọn ṣọ́jà kéékèèké.
Owó ìfẹ̀yìntì: owó tí ẹni tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ ń gbà.

Ẹ dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí

1. Ọmọ ọdún mélòó ni Isaac nígbà tó wọ iṣẹ́ ṣọ́jà?
2. Ní ilé ìtọ́jú ojú ogun, ta ni wọ́n kọ́kọ́ ń dá lóhùn? Kí ló dé?
3. Ewu wo ló wà fún Shuyiman nígbà tó gba àwọn méjì náà sílé?
4. Kí ló dé tí Isaac fi di Suleman?
5. Báwo ni ìwé tí Bàbá kọ ṣe ràn án lọ́wọ́ láti rí ìdílé Shuyiman?
6. Bí ẹ̀yin bá ni Shuyiman, kí ni ẹ̀ bá ṣe? Ẹ bá ẹni tó jókòó tì yín sọ ọ́.
7. Ẹ kọ lẹ́tà kúkúrú, ìlà márùn-ún péré, sí ẹni kan tó ti ṣe yín lóore rí.